Èwo ni ti kánsù, èwo ni kì í ṣe tiẹ̀? Àlàyé fún ará Adó àti gbogbo Èkìtì

Èkìtì kete, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí òjò bá ti rọ̀ díẹ̀ tí gọ́tà kún dé ẹnu ọ̀nà, ẹ máa gbọ́ ọ ládùúgbò: ẹnì kan á ní kánsù ló yẹ kó wá kó o, èkejì á ní gómìnà ni, ẹnì kẹta á kàn ṣáà máa bú "ìjọba", bí ẹni pé èèyàn kan báyìí ni ìjọba, tó jókòó síbì kan tó ń wò wá. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ wà, a mọ̀ pé alága wà, a sì mọ sẹkitéríàtì, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi wá pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an, ìwé ọmọ ìbílẹ̀ àti owó ọjà ló máa kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu. Ó nídìí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí òfin gbé ka kánsù lórí pọ̀ gan-an, àmọ́ ó ti pẹ́ tí ọwọ́ ẹlòmíì ti wọ inú iṣẹ́ yẹn àti owó tó wà fún un, àwọn iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé orúkọ kánsù nìkan ló kù lára wọn, àwọn míì sì wà tí kánsù ń ṣe tí a ò tiẹ̀ mọ̀ pé tiwọn ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Kí òyìnbó tó dé, ìlú kọ̀ọ̀kan l'Ékìtì ló ń ṣàkóso ara ẹ̀, ọba wà, àwọn ìjòyè wà, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní olórí tiẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ló ń ro ọ̀nà oko àti ọ̀nà odò, ẹni tí ò bá wá, wọ́n á gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀. Lẹ́yìn tí ogun Kírìjì parí táwọn òyìnbó wá ń tún ilẹ̀ pín, wọ́n kó àwọn ọba aládé Èkìtì jọ sí Òkè-Ìmọ̀ n'Íléṣà ní 1900, ìpàdé yẹn la mọ̀ sí Pẹlúpẹlú, orúkọ tó ṣì ń fa ọ̀rọ̀ láàárín àwọn Kábíyèsí wa títí dòní lórí ta ló wà níbẹ̀ àti ta ni ò sí níbẹ̀ (mi ò ní í dá sí ìyẹn o, ẹ jọ̀ọ́). Nígbà tó yá, Èkìtì bọ́ sábẹ́ Ondo Province, Adó sì di olú-ìlú Ekiti Division. Ìjọba tí wọ́n wá gbé kalẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Native Authority, ẹ̀yin àgbà á rántí "N.A." Ọba ló jókòó síwájú, D.O. (District Officer) òyìnbó ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn ló ń gba owó orí, àwọn ló ni kóòtù ìbílẹ̀, wọ́n tún ní ọlọ́pàá tiwọn.

Wọ́n sì ní wolé-wolé. Ẹ bi àwọn ìyá àgbà yín nípa wọn. Wolé-wolé kì í kàn sílẹ̀kùn tẹ̀rù-tẹ̀rù, á dé láàárọ̀, á wọ ẹ̀yìnkùlé, á ṣí ìkòkò omi, á wojú omi náà dáadáa, tó bá fi rí tanwíjí tó ń jó nínú ẹ̀, kóòtù ni. Ìdí nìyẹn táwọn ìyá wa fi ń fọ ìkòkò omi bí ẹni fẹ́ gba àlejò. Mo mẹ́nu bà á torí pé iṣẹ́ yẹn ò tíì kú, orúkọ ẹ̀ ló yí padà, ọ́fíìsà ìlera àyíká ni wọ́n ń pè wọ́n báyìí, wọ́n ṣì wà ní kánsù, àwọn ló yẹ kó máa wọ ilé oúnjẹ, ilé búrẹ́dì àti ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù, láti wò ó bóyá ohun tí wọ́n ń tà fún wa ṣeé jẹ. Tí ilé oúnjẹ kan bá ń da omi ìdọ̀tí sójú ọ̀nà yín, ẹ̀ka yẹn ni kẹ́ ẹ wá lọ, ẹ má wulẹ̀ lọ dúró sí ọ́fíìsì alága.

Ní 1952 ni Western Region ṣe òfin ìjọba ìbílẹ̀ tuntun, Awólọ́wọ̀ gan-an ni mínísítà fún ìjọba ìbílẹ̀ nígbà yẹn. Òfin yẹn ló mú ká máa dìbò yan káńsẹ́lọ̀, àwọn ọba ò dá nìkan ni agbára mọ́. Sójà dé ní 1966, nǹkan tún yí, ọlọ́pàá ìbílẹ̀ pa rẹ́. Ọdún tó wá ṣe pàtàkì jù ni 1976. Oṣù kejì ọdún yẹn ni wọ́n yọ ìpínlẹ̀ Oǹdó kúrò lára Western State, tí Èkìtì sì wà nínú Oǹdó, ọdún yẹn kan náà ni ìjọba ológun ṣe àtúntò tó sọ ìjọba ìbílẹ̀ di ọwọ́ kẹta ìjọba ní gbogbo Nàìjíríà, tó ní kí wọ́n máa fún wọn ní owó láti àpò orílẹ̀-èdè. Kánsù tí a mọ̀ lónìí, ibẹ̀ ló ti wá. Nígbà tí Abacha dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1 October 1996, ìjọba ìbílẹ̀ 12 la bá wá láti Oǹdó, wọ́n gé mẹ́rin sí i lára wọn, ó di 16, 16 yẹn náà ló wà nínú ìwé òfin 1999, lára 774 tí gbogbo orílẹ̀-èdè ní.

Nǹkan kan máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà níbí. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ àti orúkọ ìlú tí ọ́fíìsì wọn wà kì í fi gbogbo ìgbà jọra. Ti Adó rọrùn, Adó ni. Ṣùgbọ́n Ekiti West, Arámọkọ ni ẹ máa lọ. Ekiti South-West, Ìlawẹ̀ ni. Ekiti East, Ọ̀mùò. Mọ̀bà, Ọ̀tùn. Gbọnyìn, Òde. Irẹ́pọ̀dùn/Ifẹ́lódùn, Ìgẹ̀dẹ́. Ọmọ tó dàgbà sí Èkó tí bàbá ẹ̀ kàn sọ fún un pé "Ekiti West la ti wá" lè wọkọ̀ wá sí Adó tọwọ́tẹsẹ̀, kó tó wá mọ̀ pé Arámọkọ ló yẹ kóun sọ̀.

Àwọn LCDA (Local Council Development Area, kánsù kéékèèké tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ fúnra ẹ̀) wá tún dé tó pa kún un. Ìjọba Fáyẹmí ló dá wọn sílẹ̀, 22 ni wọ́n, ẹ mọ irú Ajọ̀ni, Ikere West, Ado Central àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, a sì dìbò fún àwọn alága wọn lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ti ìjọba ìbílẹ̀ 16, ní 2 December 2023. (EKSIEC, àjọ ìdìbò tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ló ṣe ìbò yẹn o, kì í ṣe INEC.) LCDA ní alága, ó ní ọ́fíìsì, ó ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò, àmọ́ kò sí nínú 774 yẹn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Èkó ní 2004 pé ìpínlẹ̀ lè ṣòfin láti dá kánsù tuntun sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì pé títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ábújá á fi kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé òfin. Nítorí náà owó Àbújá kì í wá ní orúkọ LCDA, lára ti ìjọba ìbílẹ̀ tó bí i ló ti ń jẹ. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ìwé, ohun tó kàn yín ni pé tí fọ́ọ̀mù bá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, orúkọ ọ̀kan nínú 16 yẹn ni wọ́n ń retí, ẹ má kọ LCDA síbẹ̀.

Ó yá, iṣẹ́ wọn wá. Ó wà lẹ́yìn ìwé òfin 1999, nínú àfikún kẹrin, ẹnikẹ́ni tó bá ní dátà lè kà á. Ọjà, gáréèjì, ibi ìpẹran, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboogbò, itẹ́ òkú, ilẹ̀ kíkó, ọ̀nà àdúgbò àti gọ́tà ẹ̀, iná ojú títì, orúkọ títì àti nọ́ńbà ilé, ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó, àmójútó ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ, pátákó ìpolówó, ilé ọtí. Wọ́n tiẹ̀ kọ láísẹ́ǹsì rédíò, kẹ̀kẹ́ ológeere, ọmọlanke àti ọkọ̀ ojú omi síbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi, àwa tí òkè yí po! Òfin gbogbo Nàìjíríà ni, ẹ má bínú. Ti nọ́ńbà ilé yẹn gan-an ló máa ń dùn mí jù, torí pé l'Adó títí dòní, tẹ́ ẹ bá ní kí ẹni tó ń gbé ọjà wá mọ ilé yín, ẹ máa sọ pé "tó o bá kọjá Ìjìgbò, béèrè ọlọ́ṣọ́ọ̀bù oní-búlúù, ilé kẹta sí ti pásítọ̀", ìyẹn tí ṣọ́ọ̀bù náà ò bá tíì kun ara ẹ̀ ní pupa. Iṣẹ́ kánsù nìyẹn, kò sì ná wọn tó títì.

Lẹ́yìn èyí ni òfin wá ní kí kánsù "bá ìpínlẹ̀ kópa" nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìlera àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọ̀rọ̀ "bá kópa" yẹn ló bí gbogbo wàhálà. Ẹ wo síkúùlù alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: owó kánsù ni wọ́n fi ń san owó oṣù àwọn tíṣà, ṣùgbọ́n SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ló ń gbà wọ́n síṣẹ́ tó sì ń gbé wọn kiri. Nítorí náà tí síkúùlù ọmọ yín ò bá ní tíṣà tó, tẹ́ ẹ lọ bá alága, á gbọ́ yín dáadáa, á sì dá yín lóhùn pé òun ò lè gba tíṣà kan. Òótọ́ ló sọ.

Ti ìlera la fi lè mọ ìyàtọ̀ ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láì jìnnà sílé. Ibi tí aboyún ti ń gba abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti ń fún ọmọ ọwọ́ ní àjẹsára ládùúgbò, ìlera alábọ́ọ́dé nìyẹn, abẹ́ kánsù ló wà, pẹ̀lú àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó o. EKSUTH, ilé ìwòsàn ńlá l'Adó, ti ìpínlẹ̀. FETHI, ilé ìwòsàn ńlá n'Ídòó, ti ìjọba àpapọ̀. Títì náà rí bẹ́ẹ̀. Títì tó ti Adó gba Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Àkúrẹ́, ti ìjọba àpapọ̀ ni, kò sí alága kánsù tó láṣẹ láti tún un ṣe bó ti wù kó bàjẹ́ tó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣépè fún alága ní ojú ọ̀nà yẹn, ẹ yí èpè yín sí Àbújá. Àwọn títì ńlá tó so ìlú mọ́ ìlú, ti ìpínlẹ̀ ló pọ̀ nínú wọn. Ọ̀nà inú àdúgbò tó já sẹ́yìn ọjà, èyí tí ọlọ́kadà ń fò kiri gọ́tà níbẹ̀, ìyẹn gan-an ni ti kánsù. Iná ẹ̀lẹ́ńtíríkì àti ọlọ́pàá kì í ṣe tiwọn, omi ẹ̀rọ náà, ti àjọ omi ìpínlẹ̀ ni. Ilẹ̀ kíkó, kánsù ni òfin kọ ọ́ fún, àmọ́ l'Adó, àjọ tó ń kó ìdọ̀tí fún ìpínlẹ̀ lẹ máa ń rí ọkọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìwé, torí ibẹ̀ ni owó mọ́tò àwọn èèyàn ti ń ṣòfò.

Ìwé ìbí: ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé kánsù ló ń ṣe é, torí pé inú ọgbà kánsù tàbí ilé ìlera ni wọ́n ti rí obìnrin tó jókòó ti tábìlì pẹ̀lú ìwé ńlá yẹn. Ẹ wo òǹtẹ̀ tó ń lù dáadáa, National Population Commission ló wà níbẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ni. Òfin 1992 ló gbé iṣẹ́ yẹn fún wọn, bí òfin àgbà tilẹ̀ dárúkọ kánsù. Tó bá jẹ́ pásípọ́ọ̀tù ni ẹ fẹ́ fi ìwé náà gbà, ti NPC ni wọ́n máa béèrè. Ẹni tó ti kọjá ọdún 18 tí kò gba ìwé ìbí ní kékeré, ìwé ẹ̀rí míì tí wọ́n ń pè ní attestation ni NPC máa fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni NIN àti káàdì ìdìbò: INEC ní ọ́fíìsì ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ máa ń gbọ́ kí wọ́n ní "lọ gba káàdì ẹ ní lóókà", àmọ́ kánsù ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Ìgbéyàwó ní tiẹ̀, ti kánsù ni lóòótọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣègbéyàwó níbẹ̀, ẹ máa gba fọ́ọ̀mù ìkéde, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó kí gbogbo ayé lè rí i, ọjọ́ 21 gbọ́dọ̀ kọjá, bóyá ẹnì kan wà tó máa ní "ẹ dúró, ọkọ mi nìyẹn", lẹ́yìn náà ni wọ́n tó lè fún yín láṣẹ, ìgbéyàwó náà sì gbọ́dọ̀ wáyé kí oṣù mẹ́ta tó pé láti ọjọ́ tẹ́ ẹ mú ìkéde wá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó sáré wá lọ́jọ́ Tuesday, tó ní Thursday ni àríyá òun, wàhálà ló ń wá. Ẹ tún mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní láísẹ́ǹsì ìgbéyàwó, ìwé tí pásítọ̀ fún yín níbẹ̀ dára láti gbé kọ́ ògiri pálọ̀, àmọ́ ẹ́ńbásì lè má gbà á. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ náà jẹ́ ìgbéyàwó gidi lójú òfin, ọ̀nà tiẹ̀ ló yàtọ̀.

Ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ló wá kàn, èyí tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń wá nígbà tí síkúùlù bá ń gbàwé tàbí tí iṣẹ́ ọlọ́pàá bá jáde. Ibi tí wọ́n bí yín sí kọ́ ló ń sọ ibi tẹ́ ẹ máa lọ, ìlú bàbá ni. Ẹni tí wọ́n bí s'Ókèyinmi l'Adó tó sì dàgbà níbẹ̀, tí bàbá ẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Ìlawẹ̀, Ekiti South-West ló máa gba tiẹ̀. Wọ́n sábà máa ń ní kẹ́ ẹ mú fọ́tò wá pẹ̀lú lẹ́tà látọ̀dọ̀ ọba tàbí olórí àdúgbò tó mọ ilé yín, kánsù ò lè mọ gbogbo ìdílé, wọ́n nílò ẹni tó máa jẹ́rìí. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ fetí sílẹ̀: nínú ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí pípín iṣẹ́ fún ìpínlẹ̀, obìnrin tó lọ́kọ ṣì ń lo ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti bí i wá, ẹ máà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tipá sọ yín di ọmọ ìlú ọkọ yín nítorí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjà kúrú. Ọjà Ọba, Ọjà Bísí, gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti ń tà, kánsù ni òfin fún lágbára láti bójú tó ọjà kó sì gba owó níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ yín ní gáréèjì kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ti kánsù, ẹgbẹ́ awakọ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn. Ẹ wo orúkọ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Tí kò bá sí orúkọ kánsù tàbí nọ́ńbà lórí ẹ̀, ẹ bi í ní ibi tó ti wá kẹ́ ẹ tó yọwó, bó ti wù kó jágbe tó.

Ó ku owó, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ gbóná sí. Nínú owó tí wọ́n ń pín l'Ábújá lóṣooṣù láti àpò orílẹ̀-èdè, ìjọba àpapọ̀ ń mú ìdá 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ìpínlẹ̀ ìdá 26.72, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ pátá ìdá 20.60. Ṣùgbọ́n ìwé òfin kan náà ló ní kí owó kánsù kọ́kọ́ wọ àpò àjọni kan tí ìpínlẹ̀ ń bójú tó, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ owó tíṣà, owó òṣìṣẹ́ ìlera, owó ìfẹ̀yìntì, owó àwọn ọba, kó tó wá kan alága. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ohun tó ń kù kì í tó nǹkan, alága á wá di ẹni tó ń san owó oṣù tó sì ń lọ ìpàdé. Ní 11 July 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù dá a lẹ́jọ́ pé kí owó kánsù máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, àti pé gómìnà ò gbọ́dọ̀ fi ìgbìmọ̀ fìdíhẹ rọ́pò àwọn tí aráàlú dìbò yàn. Inú ọ̀pọ̀ wa dùn. Ìdájọ́ dára, ṣùgbọ́n mímú un ṣẹ ń fà, àti pé kódà bí owó náà bá dé lọ́wọ́ kan ṣoṣo lónìí, owó oṣù tíṣà àti ti nọ́ọ̀sì ṣì wà níbẹ̀ tó ń dúró, ẹni tó bá sọ fún yín pé gbogbo ẹ̀ máa di títì, ìbò ló ń wá. Ohun tó yí padà lójú tèmi ni pé alága ò ní rí gómìnà fi bojú mọ́.

Nítorí náà tí gọ́tà ojú ilé yín bá dí, tí títì náà sì jẹ́ ti inú àdúgbò, ẹ kọ́kọ́ wá káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín, Adó ní 13, ẹ béèrè bóyá Ìrọ̀nà lẹ wà àbí Òkèsà àbí Dallimore, torí ọ̀pọ̀ ni kò mọ wọ́ọ̀dù tí wọ́n wà. Kí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka iṣẹ́ ní kánsù, kẹ́ ẹ ya fọ́tò gọ́tà náà mọ́ ọn, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n gba ọ̀kan, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ pẹ̀lú déètì sí èkejì tẹ́ ẹ máa mú lọ sílé.